Flaring tool fún páìpù bíréèkì: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ní Iléṣà

Ilẹ̀ kì í mọ́ kí ẹnì kan má wá béèrè ọ̀rọ̀ páìpù bíréèkì ní ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn kan jẹ́ mẹkáníìkì bíi tèmi, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù ni, àwọn míì sì jẹ́ ọlọ́kọ̀ tó ti náwó sórí ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì tó ṣì ń jò. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi wá jù jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, màá dúró sọ ọ́. Ibi tí kò bá pọ̀, màá kọjá.

Kí ni flaring tool ń ṣe gan-an?

Níbi tí páìpù bíréèkì ti wọnú máàsítà sílíńdà (ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì jáde), tàbí tó ti pàdé hóòsì tó lọ sídìí táyà, kò sí wọ́ṣà, kò sí rọ́bà, kò sí gọ́ọ̀mù. Irin ló ń tẹ irin. Wọ́n á ti fẹ ẹnu páìpù náà, nọ́ọ̀tì á wá tì í mọ́ ìjókòó tó wà nínú ihò, á há débi pé ọ́ìlì ò ní rí ọ̀nà jáde. Ẹnu yẹn ni flaring tool ń ṣe.

Iṣẹ́ ńlá sì ni ẹnu kékeré yẹn ń ṣe. Afẹ́fẹ́ inú táyà Corolla kò ju nǹkan bíi 32 psi (ìwọ̀n agbára ìtẹ̀) lọ. Inú páìpù bíréèkì lè kọjá 1,000 psi lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ bá já sójú títì lójijì tí ẹ fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Páìpù tó ń gbé gbogbo ìyẹn, 4.75 mm péré ni láti etí dé etí, èyí tí wọ́n ń pè ní 3/16 ínǹṣì lọ́jà.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fíríìjì ṣe ní flaring tool. Ṣé kí n yá tiẹ̀?

Ẹ má yá a. Mo mọ̀ pé wọ́n jọra, tiwọn sì wà káàkiri ju ti bíréèkì lọ. Ó ní ọ̀pá tó là sí méjì tó máa ń di páìpù mú, ó ní àjàgà tó ní imú ṣóńṣó, ó tiẹ̀ sábà máa ń ní ihò 3/16 pẹ̀lú, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ohun tí kò ní ni adáptà: irin kékeré kan tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí imú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa kọ́kọ́ ká etí páìpù sínú kí imú ṣóńṣó tó wá tẹ̀ ẹ́ padà. Bí kò bá sí adáptà, ẹnu onípele kan ṣoṣo ló máa ṣe. Ìyẹn tó fún gáàsì fíríìjì. Kò tó fún bíréèkì.

Páìpù irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ le. Bí ẹ bá fẹ ẹnu rẹ̀ ní ìpele kan, etí rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á sì ya tíntín níbi tí ojú yín ò ní tó. Lọ́jọ́ tí ẹ dì í, ó lè má jò rárá. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Wọ́n wọ́ Corolla kan wá láti apá Òṣú. Nígbà tí a tú páìpù iwájú rẹ̀, ẹnu náà ti ya láti etí títí dé ọrùn, èékánná ọmọọṣẹ́ mi ń há sínú ìlà yẹn. Ọ̀dà ara irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti ń ṣí bí èèpo, torí ọ́ìlì bíréèkì a máa bó ọ̀dà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: níbikíbi tí ẹ bá ti rí ọ̀dà tó wú báyẹn, ẹ gbójú sókè díẹ̀, oríkèé tó ń jò ò jìnnà.

Irú ẹnu wo ni ọkọ̀ tèmi ń lò?

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó yọ owó nìyí, àmọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti ra irinṣẹ́ tán ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀.

Oríṣi méjì ló gbòde. Àkọ́kọ́ ni ẹnu onípele méjì: ó là síta ní igun 45°, etí rẹ̀ sì ká padà sínú ara rẹ̀. Òun ni Toyota, Honda, Nissan, Mazda àti ọ̀pọ̀ Hyundai àti Kia ń lò, ìyẹn ni pé òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ẹ máa rí láti Ẹrẹjà títí dé Lágere ní Ifẹ̀. Ìkejì ni ẹnu wíwú, tí àwọn tó ń tajà ń pè ní bubble. Kò là síta. Ó rí bí orí olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nílẹ̀. Volkswagen, Audi, Mercedes àti BMW ló ni ín. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí kò pẹ́ púpọ̀ náà ti ń lò ó, nítorí náà ẹ má kàn wo orúkọ ilé iṣẹ́ lásán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Nọ́ọ̀tì Camry àti nọ́ọ̀tì Golf, M10x1.0 (ìwọ̀n nọ́ọ̀tì àti eyín rẹ̀) ni méjèèjì sábà máa ń jẹ́. Ẹ lè mú páìpù tí ẹ fẹnu Toyota sí, kí ẹ tì í bọ inú máàsítà sílíńdà Golf, nọ́ọ̀tì á wọlé, á yí, á há, ọkàn yín á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó inú ihò méjèèjì kò bára mu. Ti Toyota, irin ṣóńṣó kan yọ sókè láàárín ihò, ẹnu tó là ni yóò gùn ún. Ti Golf, ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀ ló jìn wọnú, ẹnu wíwú ni yóò jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ó lè jò lójú ẹsẹ̀, ìyẹn tiẹ̀ sàn. Èyí tó burú ni kí ẹ máa fún un sí i títí ìjókòó yẹn á fi bàjẹ́, torí pé ìjókòó máàsítà sílíńdà tó bá ti bàjẹ́, odindi máàsítà sílíńdà lẹ máa rà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà kí ẹ wo ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ẹnu páìpù tí ẹ tú náà, bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án ṣáájú yín. Ẹ tún wo nọ́ọ̀tì: ti ẹnu onípele méjì sábà máa ń ní eyín dé ìparí imú rẹ̀, ti ẹnu wíwú sì sábà máa ń ní ibi dídán díẹ̀ tí kò ní eyín ní imú. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan ní eyín tiwọn, 3/8-24, kò lè bá M10 mu. Ẹ má fipá yí i.

Ẹ lè bá irinṣẹ́ igun 37° pàdé lọ́jà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ haidirọ́líìkì (ẹ̀rọ tó ń fi ìtẹ̀ ọ́ìlì ṣe agbára) àti ọkọ̀ eré ìje ni ìyẹn wà fún. Bó ti wù kó dán tó, ẹ gbé e sílẹ̀.

Èwo wá ni kí n rà?

Ó kù sí irú iṣẹ́ tó ń wọlé fún yín.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni ọ̀pá àti àjàgà tó ní adáptà. Ẹ ṣí àpótí rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ ka adáptà inú rẹ̀. Bí kò bá sí ti 3/16, ẹ dá a padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ló fẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé eyín inú ihò ọ̀pá náà máa ń bu páìpù jẹ bí ẹ bá fún un jù, bí ẹ ò bá sì fún un tó, páìpù á yọ̀ sẹ́yìn, ẹnu á sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fún ẹni tó ń ṣe páìpù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ni kò sì lè ṣe ẹnu wíwú dáadáa, àfi tí wọ́n bá fi adáptà rẹ̀ sí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń di mọ́ fáìsì, tí orí rẹ̀ ń yí, tí ọwọ́ gígùn sì wà lára rẹ̀. Dáì rẹ̀ (irin tí ihò páìpù wà lára rẹ̀) là sí méjì, ó sì gùn, ó ń di páìpù mú yíká láì bù ú jẹ. Orí tó ń yí náà ní imú mélòó kan: ọ̀kan fún dídọ́gba gígùn páìpù, ọ̀kan fún ìtẹ̀ kìíní, ọ̀kan fún ìtẹ̀ kejì. Ẹ fa ọwọ́ rẹ̀, ẹ yí orí, ẹ tún fà á, ó parí. Ẹnu tí ẹ ṣe láàárọ̀ àti èyí tí ẹ ṣe nírọ̀lẹ́ á jọra bí ìbejì. Àmọ́ ó fẹ́ fáìsì tó dúró gbọn-in lórí tábìlì tí kì í mì, kò sì ṣeé gbé wọ abẹ́ ọkọ̀.

Fún abẹ́ ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ pọ́ńpù, tó ń lo haidirọ́líìkì, ló dára jù. Ó kéré, agbára rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń bá dáì ẹnu méjèèjì wá. Owó rẹ̀ ni kò kéré. Bí ẹ bá ń ṣe Golf àti Mercedes púpọ̀, ẹ tu owó jọ rà á. Àwọn mẹkáníìkì mẹ́ta lè dá a rà pọ̀, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adáptà sábà máa ń sọnù lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò ní jẹ́wọ́.

Páìpù wo ni kí n rà sí i?

Ẹ má ra kọ́pà fíríìjì. Ó rọ̀, ó rọrùn láti tẹ̀, ẹnu rẹ̀ á dán, ìdí tí àwọn èèyàn fi ń lò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń mì, ọ̀nà wa ò sì dán, kọ́pà gidi sì máa ń le díẹ̀díẹ̀ bó bá ti ń mì títí á fi ya níbi tó ti tẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ò gbà á láàyè lára ọkọ̀.

Irin tí wọ́n fi ọ̀dà tàbí rọ́bà bò ni ó wà lára ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ó lágbára, àmọ́ ó ń dógùn-ún, ó sì le láti ká. Èyí tí mo máa ń dá lábàá ni kọ́pà tí wọ́n po níkẹ́lì mọ́, níkẹ́lì bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í dógùn-ún, ó ṣeé fọwọ́ ká, ẹnu rẹ̀ kì í ya kíákíá. Volvo ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1970. Ojú lásán lè má fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sí kọ́pà lásán, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó: ó le ju kọ́pà fíríìjì lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń fà sí eérú díẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pẹ̀lú. Irin aláìdípẹtà, ẹ fi í sílẹ̀. Ó le kọjá ohun tí irinṣẹ́ wa lè fẹ.

Ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹnu onípele méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi kọ́tà páìpù gé e, kì í ṣe ayùn irin. Kọ́tà yìí ń yí páìpù ká; lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan kí ẹ fún un ní ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú fún un á pa ẹnu páìpù pọ̀. Ayùn máa ń gé e ní ìwọ́, ó sì ń fi ìyẹ̀fun irin sínú, ibi tí ìyẹ̀fun yẹn ń lọ ni inú máàsítà sílíńdà tàbí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì).

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ họ ẹnu rẹ̀. Ẹ fi fáìlì fọwọ́ kan etí ìta kó dọ́gba, kí ẹ wá họ etí inú. Ẹ fi ìka kan án: bí nǹkan kan bá ṣì ń ha yín lọ́wọ́, ẹ ò tíì ṣetán. Ẹ dorí páìpù kodò kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Wàyí o, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ ti nọ́ọ̀tì wọ páìpù, kí eyín rẹ̀ kọjú sí ẹnu tí ẹ fẹ́ fẹ̀. Kò sí àgbà mẹkáníìkì kan tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnu tó dára jù láyé kò wúlò bí nọ́ọ̀tì bá wà lórí tábìlì tàbí tó kọ ẹ̀yìn síbẹ̀.

Ẹ di páìpù sínú ihò 3/16. Ibi tí yóò yọ síta kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìfojúdá: ẹ gbé adáptà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀pá, kí páìpù ga tó ìdí fífẹ̀ adáptà yẹn géérégé. Bó bá kúrú jù, ẹnu á kéré. Bó bá gùn jù, á ká wọ́, nọ́ọ̀tì pàápàá lè má lè kọjá rẹ̀. Ẹ kán ọ́ìlì bíréèkì sí imú adáptà, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, torí rọ́bà inú bíréèkì kò bá a rẹ́. Ẹ ti adáptà bọ ẹnu páìpù, ẹ gbé àjàgà lé e, kí ẹ máa fún un títí ìdí adáptà á fi kan ọ̀pá. Ẹ tú u. Ohun tí ẹ máa rí ni ẹnu tó wú, tí etí rẹ̀ ti ká wọnú. Ẹ yọ adáptà, ẹ fi imú ṣóńṣó tẹ̀ ẹ́ láti òkè, díẹ̀díẹ̀, títí etí yẹn á fi là síta tí á sì tẹ́ mọ́ ara rẹ̀. Ẹ má fún un kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ ti sọ ọ́ di tínrín nìyẹn.

Ti ẹnu wíwú, ìtẹ̀ kìíní nìkan ni, pẹ̀lú dáì tirẹ̀. Ẹ̀bùrú kan wà tí àwọn kan ń gbà: wọ́n á dúró sí ìdajì ẹnu onípele méjì, wọ́n á sì pè é ní bubble. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ kó rí, kò ní jókòó dáadáa.

Ẹ gbé ẹnu náà sí ìmọ́lẹ̀. Yíká rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, ihò àárín gbọ́dọ̀ wà láàárín, kò gbọ́dọ̀ sí ìlà. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, gé e. Nítorí ẹ̀ ni mo fi máa ń ní kí àwọn ọmọọṣẹ́ fi ínǹṣì mélòó kan kún gígùn páìpù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí tèmi ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan?

Gígé tí kò tọ́ ló sábà máa ń fà á, tàbí páìpù tó yọ̀ nínú ọ̀pá. Bí ọ̀pá kò bá di páìpù mú bó ti wù kí ẹ fún un, ẹ wò ó bóyá ihò mìllímítà lẹ lò fún páìpù ínǹṣì. Adáptà tó ti tẹ̀ náà wà: ẹ yí i lórí dígí, bó bá ń fì, ẹ jù ú nù.

Ẹnu dára lójú mi, ó ṣì ń jò.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ dì í padà, lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹnu náà lè mọ ìjókòó rẹ̀. Kọ́pà oníníkẹ́lì máa ń gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì ń jò, ẹ tú u, kí ẹ wo ìjókòó inú ihò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìdọ̀tí kékeré tàbí ìyẹ̀fun irin kan tó. Bí ìyẹn náà bá mọ́, gé ẹnu kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ má fi téèpù funfun tí àwọn púlọ́mbà ń lò sí eyín nọ́ọ̀tì. Kì í ṣe eyín ló ń dí ọ́ìlì, nítorí náà kò ran nǹkan kan lọ́wọ́, èérún rẹ̀ sì lè wọnú páìpù. Ẹ má sì bá a jà. Toyota kọ 15 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún nọ́ọ̀tì) fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì yìí, ìyẹn kò tó agbára tí ẹ fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà rárá. Ẹ lo spánà olójú mẹ́fà tó ní àlàfo tí páìpù lè gbà kọjá. Spánà ẹlẹ́nu lásán máa ń jẹ orí nọ́ọ̀tì.

Ṣé mo lè gé ibi tó bàjẹ́ nìkan kí n so ó?

Bí irin tó kù bá dára, ó ṣeé ṣe, pẹ̀lú yúníọ̀n (irin tó ń so páìpù méjì pọ̀) tí wọ́n ṣe fún bíréèkì, kí ẹ fẹ ẹnu sí páìpù méjèèjì. Yúníọ̀n tó ń lo òrùka láti fún páìpù pa, irú ti omi àti gáàsì, kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Hóòsì rọ́bà pẹ̀lú kílíìpù méjì náà ńkọ́? Mo ti rí i lábẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń kérò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti òkè òkun. Kí ló dé tí páìpù rẹ̀ ti jẹrà?

Iyọ̀ ni. Ní àríwá Amẹ́ríkà, Kánádà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, ó ń fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀, ó ń jẹ irin. Ọkọ̀ á dán lókè bí ẹyin, àmọ́ ẹ dùbúlẹ̀ wo orí ásù ẹ̀yìn àti ibi tí kílíìpù ike ti di páìpù mú, torí omi iyọ̀ ń dúró sínú kílíìpù yẹn. Ẹ fi ìka yí ibẹ̀: bí ìpẹtà bá ń bó ní èèpo nípọn, páìpù tí ń kú lọ nìyẹn. Kí ẹ tó ra Tòkunbọ̀ ni kí ẹ wò ó. Ẹ̀yìn ìgbà náà, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ṣé dandan ni kí n bílíìdì rẹ̀, ìyẹn kí n lé afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ṣí páìpù. Afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀, ọ́ìlì kì í fún pọ̀. Pẹ́dàlì á máa rọ̀ lẹ́sẹ̀ yín. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù sí máàsítà sílíńdà. Láti 1972 tí a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, òsì ni sítíà wa wà, nítorí náà ẹ̀yìn ọ̀tún ló sábà máa ń jìnnà jù. Àwọn ọkọ̀ kan yàtọ̀, pàápàá èyí tó ní ABS, ẹ wo ìwé tirẹ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí ẹ dà sí i, bí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí bá ti wí. Ẹ má fi DOT 5 kún wọn láéláé, sílíkọ́nì ni, wọn ò lè pò pọ̀. Gálọ́ọ̀nù tó ti wà ní ṣíṣí láti ọdún tó kọjá, ẹ dà á nù. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ooru tó ń hó o sì máa ń lọ sílẹ̀: DOT 3 tuntun kì í hó títí dé 205°C, ó lè hó ní 140°C bó bá ti mumi.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ṣe é dáadáa?

Àǹtí kan tó ń ṣòwò aṣọ ló bi mí báyìí, ìbéèrè tó dára ni. Ẹ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ẹnu páìpù kí wọ́n tó dì í. Ẹ bi wọ́n bóyá kọ́pà fíríìjì ni. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì kí ẹ sì dì í mú bíi ìṣẹ́jú kan. Kò gbọ́dọ̀ rọra máa lọ sílẹ̀. Kí ẹnì kan fi tíṣù gbígbẹ nu oríkèé kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Tíṣù gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ tún wò ó pé páìpù kò ha ara táyà, kò kan ẹ̀sọ́ọ̀sì, gbogbo kílíìpù rẹ̀ sì ti padà sípò.

Páìpù bẹ́ mọ́ mi lójú ọ̀nà. Ṣé mo lè rọra wá sọ́dọ̀ yín?

Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni máàsítà sílíńdà ọkọ̀ ti ń pín sí méjì, kí ìdajì bíréèkì lè ṣẹ́kù bí apá kan bá bẹ́. Nítorí náà pẹ́dàlì á jìn, àmọ́ á ṣì di nǹkan kan mú. Ìyẹn wà láti fi dúró, kì í ṣe láti fi rìnrìn àjò. Bí ẹ bá wà ní ọ̀nà Àkúrẹ́, tí ẹ ń bọ̀ láti òkè Ẹ̀rìn, ẹ fi jíà kékeré dá ọkọ̀ dúró, ẹ fa háńdíbíréèkì díẹ̀díẹ̀, ẹ pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹ pe ẹni tó máa wọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi plaíà pa páìpù náà pọ̀ pé kí ẹ lè fi táyà mẹ́ta dé ilé.